Ẹ Má Tíì Da Ìpẹ́ Yẹn Nù

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Òsí, ní Ìlọ́fà, ní Odò-Ọwá àti ní Àràrọ̀mí-Ọ̀pin, ẹ̀yin tí ẹ ń ka sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama, àti ẹ̀yin tí ẹ ti wọ yunifásítì ní Ìlọrin, ní Màlété tàbí ní Òmù-Àrán, tí ẹ ṣì ń wálé wá bá wa ṣọdún, ẹ fún mi létí yín. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, ó sì tó àkókò láti sọ ọ́ síta. Bí ìyá yín bá ra ẹpìyà bọ̀ láti ọjà, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ṣe ni pé kó fi ọ̀bẹ ha á láti ìdí ìrù lọ sí orí. Ìpẹ́ á máa ta káàkiri ilẹ̀, adìẹ á sáré wá ṣà nínú rẹ̀, ìgbálẹ̀ á gbá ìyókù lọ sí ààtàn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìpẹ́ tí à ń gbá dànù yìí wà lára ohun tó lè sọ fún yín irú ẹja tó ni ín, ìdílé tó ti wá, àti bí ìdílé náà ṣe yí padà láti ayébáyé. Ó ti tó nǹkan bí igba ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń fi ìpẹ́ wá ìran ẹja kiri. Ẹja kan láti inú odò ilẹ̀ Áfíríkà, tó wà nínú Odò Ọya tiwa níhìn-ín, ló sì da ìjíròrò wọn rú jù.

Kì í ṣe àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló kọ́kọ́ fi ìpẹ́ ya ẹja sọ́tọ̀. Ẹ ṣí Bíbélì sí ìwé Léfítíkù orí 11, ẹ ó kà níbẹ̀ pé ohun inú omi tó bá ní lẹbẹ tó sì ní ìpẹ́ ni a gbà láyè fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì láti jẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ìjọ Adventist kì í fi àrọ̀ kan ẹnu títí dòní. Àrọ̀ kò ní ìpẹ́, òbòkún náà kò ní. Àmọ́ Titus tí ọwọ́ ń yọ̀ lára rẹ̀ yẹn, tí ẹlòmíràn máa búra pé kò ní nǹkan kan lára, ìpẹ́ wà lára rẹ̀. Ó kéré ni. Ẹ rí i pé ojú lásán kò tó. Nígbà tí a bá sì ti mọ̀ pé ẹja ní ìpẹ́ tàbí kò ní, ẹnu ọ̀nà la ṣì wà. Iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wọlé. Ẹ mú ẹpìyà kan tí omi ara rẹ̀ kò tíì gbẹ, nítorí tútù là á ká ẹja, bó bá gbẹ tán kò ṣeé ká mọ́. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlà kan wà tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn orí, tó gba apá òkè lọ, tó wá dáwọ́ dúró. Ìlà kejì bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì lọ bá ìrù. Bí ojú yín bá mú, ẹ ó rí i pé àwọn ìpẹ́ tó tò sórí ìlà yẹn ní ihò kékeré nínú. Ihò wọ̀nyẹn ni ẹja fi ń mọ bí omi ṣe ń mì ní àyíká rẹ̀, tó fi ń mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ kí ojú rẹ̀ tó rí i. Ìlà tó já sí méjì báyìí jẹ́ àmì tí a fi ń dá ìdílé ẹpìyà mọ̀. Lára ọ̀pọ̀ ẹja mìíràn, ìlà kan ṣoṣo ló ń lọ láti orí dé ìrù. Bí ẹ bá wá ka ìpẹ́ tó wà lórí ìlà náà, ẹpìyà tí àwọn olùsìn ẹja fẹ́ràn jù, èyí tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ń jẹ́ Oreochromis niloticus, sábà máa ń ní 30 sí 34. George Boulenger, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ka ìpẹ́ ẹja odò ilẹ̀ Áfíríkà lọ́nà yìí, ó ka lẹbẹ wọn, ó wọn orí wọn, ó sì tẹ apá mẹ́rin ìwé kan jáde lórí wọn láàárín 1909 sí 1916. Di òní olónìí, iye ìpẹ́ wà lára ohun tí olùwádìí máa kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ bó bá fẹ́ mọ ẹja tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Sùúrù ló ń béèrè, ọmọ tálákà sì lè ní sùúrù ju ọmọ olówó lọ.

Lẹ́yìn tí ẹ bá kà á tán, ẹ tú ìpẹ́ díẹ̀ lábẹ́ lẹbẹ ẹ̀yìn, lókè ìlà tí mo wí. Ibi kan náà ni kí ẹ ti máa mú un lára gbogbo ẹja tí ẹ bá fẹ́ fi wéra, torí ìpẹ́ ẹ̀bá orí àti ìpẹ́ ìdí ìrù kì í dọ́gba. Ẹ fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ fọ ohun tó ń yọ̀ kúrò lára rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé kó má baà ká kò bó bá ń gbẹ, kí ẹ tó fi gíláàsì méjì há a mọ́ra sábẹ́ máíkírósíkópù ilé ẹ̀kọ́ yín. Ẹ ó rí ojú kan tí òrùka wẹ́wẹ́ yí ká, òrùka lórí òrùka títí dé etí. Ojú yẹn ni gbogbo ìpẹ́ náà nígbà tí ẹja ṣì kéré. Ẹja kì í pààrọ̀ ìpẹ́ bó ṣe ń dàgbà. Èyí tó ní láti kékeré náà ló ń fẹ̀ sí i, tó ń fi òrùka tuntun kún etí rẹ̀. Ẹ ó tún rí ìlà tín-ín-rín tó ti ojú náà lọ sí apá tó rì sínú awọ. Antonie van Leeuwenhoek, ará Netherlands tó gbé ayé láti 1632 sí 1723, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gíláàsì tí ń mú ohun kékeré tóbi, ti rí òrùka wọ̀nyí, ó sì ti gbà pé ọjọ́ orí ẹja wà nínú wọn.

Ní ilẹ̀ olótùútù, ìgbà òtútù máa ń dá ìdàgbà ẹja dúró, òrùka á sún mọ́ra, wọ́n á sì fi ìyẹn ka ọdún. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ rọra. Ẹ̀ẹ̀rùn lè mú òrùka sún mọ́ra, ìgbà tí ẹja ń yé ẹyin lè mú un ṣe bẹ́ẹ̀, àìríjẹ náà lè mú un. Ẹni tó bá gbé ìlànà tí wọ́n ṣe fún adágún ilẹ̀ Yúróòpù wá ka òrùka ẹja wa, tí kò mọ ìgbà tí odò wa ń kún àti ìgbà tó ń fà, yóò ṣì í kà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà síhìn-ín, tí ẹ mọ oṣù tí omi ń gbẹ kù sí kòtò kòtò, ìmọ̀ yín yẹn jẹ́ apá kan sáyẹ́ǹsì. Ẹ má fojú kékeré wò ó.

Nígbà mìíràn ẹ ó bá ìpẹ́ kan pàdé tí àárín rẹ̀ rí bàìbàì, tí kò sí òrùka kankan níbẹ̀, tó jẹ́ ẹ̀bá etí nìkan ni òrùka ti bẹ̀rẹ̀. Ìpẹ́ àkọ́kọ́ ló ti bọ́, bóyá àwọ̀n ló họ ọ́ bóyá ẹja mìíràn ló já a, ni èyí fi hù rọ́pò rẹ̀. Ara sáré bo ojú ọgbẹ́, kò ráyè tún òrùka àtẹ̀yìnwá ṣe. Ẹ yọ irú ìpẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ má fi kún ìṣirò yín. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ kò lè jẹ́rìí sí i.

Ìpẹ́ pẹlẹbẹ tó fúyẹ́ bíi ti ẹpìyà ló pọ̀ jù láyé òní. Etí àwọn kan dán, etí àwọn mìíràn, irú bíi ti krókà tí ń ti òkun wá, ní eyín wẹ́wẹ́ tí ọwọ́ lè mọ̀. Ti àkurákudà yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ìpẹ́ rẹ̀ ní ihò nínú tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, ó ní irú egungun tó wà nínú eyín, ó sì ní ohun líle tó ń dán tó bò ó lórí. Ohun tí a fi ṣe eyín wa ni a fi ṣe ìpẹ́ àkurákudà. Bí ẹ bá fọwọ́ ra á láti orí lọ sí ìrù, ó ń yọ̀. Bí ẹ bá rà á láti ìrù lọ sí orí, á bó yín lọ́wọ́.

Ẹja tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé yìí kò wà nínú òkun. Polypterus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó gùn gbọọrọ, lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kò jẹ́ ẹyọ kan, ó já sí kéékèèkéé, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní egungun tó dúró ṣánṣán. Ìpẹ́ rẹ̀ kò rọ̀ bí ti ẹpìyà. Ó nípọn, ó le, ó ń dán, igun mẹ́rin ló ní, ìkan sì ní ẹnu tó wọnú èkejì tí wọ́n fi so kọ́ra. Odò ilẹ̀ Áfíríkà nìkan ni irú ẹja yìí wà ní gbogbo ayé. Ó wà nínú Odò Ọya tó gba ìpínlẹ̀ Kwara wa kọjá ní Jẹ́bà. Ìbátan rẹ̀ kan tí ara rẹ̀ tún tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ejò wà nínú odò àti àbàtà ìhà gúúsù Nàìjíríà àti ilẹ̀ Benin. Nítorí pé Calabar ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i gbà ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé láti 1865 fi ní calabaricus nínú. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Étienne Geoffroy Saint-Hilaire, tó bá àwọn ọmọ ogun Napoleon lọ sí Íjíbítì, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa Polypterus, lọ́dún 1802, láti inú odò Náílì.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1833 sí 1843, Louis Agassiz, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ẹja ayé àtijọ́ tí wọ́n ti di òkúta. Nítorí pé ìpẹ́ sábà máa ń ṣẹ́kù nígbà tí ẹran ara bá ti jẹrà, ìpẹ́ ló fi pín gbogbo ẹja ayé sí ọ̀wọ́ mẹ́rin. Ọlọ́gbọ́n èèyàn ni, iṣẹ́ náà sì tóbi. Ó kó Polypterus pọ̀ mọ́ gbogbo ẹja tí ìpẹ́ wọn nípọn tó sì ń dán. Thomas Huxley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé lọ́dún 1861, ó wo lẹbẹ àyà ẹja yìí tó ní ẹran nídìí, ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ẹja tí lẹbẹ wọn dà bí apá àti ẹsẹ̀ ló yẹ kí a fi í sí, ìyẹn ìdílé tí àwọn ẹranko orí ilẹ̀ ti jáde wá. Ọ̀kan ń wo ìpẹ́, ọ̀kan ń wo lẹbẹ, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ẹja ni àbí àkàn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní yunifásítì Cambridge, John Samuel Budgett, wá rò ó pé bí òun bá lè rí ẹyin Polypterus, kí òun wo bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń dàgbà láti inú ẹyin, ọ̀rọ̀ á yanjú. Ó lọ sí Gáḿbíà, ó lọ sí Ùgáńdà, kò rí ohun tó ń wá gbà. Lọ́dún 1903 ó dé ìhà gúúsù Nàìjíríà, níbi tí Odò Ọya ti ń tú sínú òkun, ibẹ̀ ló ti rí ẹyin náà, tó sì rí ọmọ ẹja yọ nínú rẹ̀. Àmọ́ ibà tó kó lẹ́nu ìrìn náà pa á nígbà tó padà délé, ní oṣù kìíní ọdún 1904. Ẹni ọdún 31 ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, John Graham Kerr, ló yẹ ohun tó kó bọ̀ wò, tó sì kọ àbọ̀ rẹ̀ jáde. Nígbà tí àwọn kan nínú yín bá ní kí ni ẹnì kan ń fi ẹja ṣe tó bẹ́ẹ̀, ẹ rántí pé èèyàn kan tìtorí ẹja odò wa kú.

Edwin Goodrich ti Oxford ló wá tú u palẹ̀. Ní 1907 ó gbé ìwé ìwádìí kan kalẹ̀ lórí ìpẹ́ ẹja, ti àwọn tó wà láàyè àti ti àwọn tó ti parun, àti bó ṣe wúlò fún mímọ ìdílé wọn. Kò wo òkè ìpẹ́ nìkan. Ó gé e tín-ín-rín, ó yẹ ìpele inú rẹ̀ wò, ó sì bi í léèrè pé báwo ni ìpele kọ̀ọ̀kan ṣe dé ibẹ̀. Ohun tó rí ni pé ọ̀wọ́ tí Agassiz kó pọ̀ nítorí pé gbogbo wọn ń dán kì í ṣe ìdílé kan. Ìpẹ́ oríṣi méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń dàgbà sì yàtọ̀ síra. Ti Polypterus, ìpele dídán ń gorí ara rẹ̀ lókè bí ẹja ṣe ń dàgbà, bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti àwọn ẹja ìgbàanì tó jẹ́ ìbátan àgbà fún ẹpìyà, àrọ̀, Titus àti gbogbo ẹja tó ní lẹbẹ olópòó tín-ín-rín. Ìwádìí DNA ti ìgbà tiwa yìí gbè é lẹ́sẹ̀: nínú gbogbo ẹja olópòó tó ṣì wà láàyè, ẹ̀ka ti Polypterus ló kọ́kọ́ yà kúrò lára igi. Lẹbẹ tí Huxley rí kò purọ́, ìpẹ́ tí Agassiz rí kò purọ́. Àwọn tó kà wọ́n ni kò tíì wò wọ́n dé inú.

Iṣẹ́ kò sì tíì tán lórí ẹja yìí. Ní 2008 àwọn olùwádìí ní MIT ní Amẹ́ríkà yẹ ìpẹ́ Polypterus senegalus wò ní ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti mọ bí líle òkè àti rírọ̀ ìsàlẹ̀ ṣe ń jùmọ̀ gba eyín ọ̀tá dúró, kí wọ́n lè rí ọgbọ́n kọ́ níbẹ̀ fún ohun ìdáàbòbò èèyàn. Ní 2014 àwọn mìíràn ní Kánádà tọ́ ọmọ ẹja náà dàgbà lórí ilẹ̀ tó lómi díẹ̀, wọ́n sì rí i pé egungun èjìká rẹ̀ àti ìrìn rẹ̀ yí padà. Inú mi dùn sí iṣẹ́ wọ̀nyí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa gboyè nínú ìmọ̀ ẹranko láìtíì fọwọ́ kan ẹja yìí, nígbà tó wà nínú odò tó gba ìpínlẹ̀ wa kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí Agassiz, torí ìkìlọ̀ tó wà lára rẹ̀ tóbi ju ọ̀rọ̀ ẹja lọ. Ó kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1846, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, gbogbo ènìyàn sì ń bu ọlá fún un. Ọkùnrin tó lè fi ìpẹ́ kan sọ̀tàn ẹja tó ti kú láti ìgbà ìwáṣẹ̀ yìí ló dìde tó ní dúdú àti funfun kì í ṣe ọmọ ìyá, pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a dá wọn. Lọ́dún 1850, wọ́n bọ́ṣọ lára àwọn ẹrú, ọkùnrin àti obìnrin, ní South Carolina, wọ́n ya àwòrán wọn fún un kó lè fi gbe èrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n yà yẹn ni àwọn tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Áfíríkà wà. Nígbà tí Charles Darwin tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1859, tó ṣàlàyé bí irú ẹ̀dá kan ṣe lè ti ara òmíràn jáde, Agassiz kọ̀ ọ́ títí tó fi kú. Kò sí àánú nínú ohun tó ṣe sí àwọn ẹrú wọ̀nyẹn, kò sì sí ìmọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Àṣìṣe kan náà ló ṣe sí ẹja àti sí ènìyàn: ó mú ohun tó hàn lórí awọ, ó fi dájọ́ ìran. Ẹ má jẹ́ kí oyè tàbí òkìkí ẹnikẹ́ni dí yín lójú débi tí ẹ ò fi ní bèèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé. Àreògún ti Òsí, tó kú ní 1954, àti Bámigbóyè ti Odò-Ọwá, tó kú ní 1975, kò kọ orúkọ wọn sára ilẹ̀kùn, ọpọ́n àti ère tí wọ́n gbẹ́. Síbẹ̀ ẹni tó mọṣẹ́ máa gbé ère kan lọ́wọ́, á sì sọ pé Bámigbóyè ló gbẹ́ ẹ, tàbí pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. William Fagg ti British Museum kọ́ ìmọ̀ yìí débi tó fi ń yanjú irú ère bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ní 2022 sì ni yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pa àwọn iṣẹ́ Bámigbóyè pọ̀ fún ayé wò. Kì í ṣe gíga ère nìkan ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń wo ìpéǹpéjú, etí, bí ètè ṣe pàdé, ojú ọ̀bẹ lórí igi, wọ́n sì ń bèèrè ìlú tí ère náà ti jáde. Nítorí pé ọmọ iṣẹ́ á jọ ọ̀gá, tí àlejò náà sì lè fara wé ọ̀gá, àmì kan ṣoṣo kò tó. Báyìí gẹ́lẹ́ ni kí ẹ máa ka ìpẹ́.

Ẹ wo ẹja pẹlẹbẹ kan nínú òkun tí etí ìpẹ́ akọ rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́, tí ti abo sì dán. Bí ìpẹ́ nìkan ni ẹ fi ń dájọ́, ẹ ó pín ọkọ àti aya sí ìdílé méjì. Ẹ wo akíka nínú igbó, pẹ̀lú gbogbo ìpẹ́ ara rẹ̀. Ohun tí èékánná wa jẹ́ ni ìpẹ́ akíka jẹ́. Kò bá ẹja tan níbẹ̀ rárá, ẹranko tí ń fún ọmọ lọ́mú ni. Ìpẹ́ ejò náà, awọ rẹ̀ ló ká tó le. Ẹ wá wo àrọ̀ tí kò ní ìpẹ́ kankan. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn ní ìpẹ́, ó hàn pé àwọn baba ńlá rẹ̀ ní tiwọn, ìran tiẹ̀ sì gbé e sọnù lójú ọ̀nà. Àìní náà jẹ́ ìtàn. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ìpẹ́ wé egungun, wé lẹbẹ, wé ẹyin, wé DNA. Nígbà tí gbogbo wọn bá sọ ohun kan náà ni ọkàn olùwádìí tó ń balẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ìyípadà ìran yìí. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ọmọ mọ́sáláṣí ni yín, wọ́n sì ti sọ fún yín pé ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ máa sọ ìgbàgbọ́ nù. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ń gbàdúrà láràárọ̀. N kò rí ibi tí wíwo iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run dáadáa ti di ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má gba ọ̀rọ̀ ìyípadà gbọ́ torí pé tíṣà wí bẹ́ẹ̀, kí ẹ má sì kọ̀ ọ́ torí pé ẹlòmíràn ní kí ẹ kọ̀ ọ́. Ẹ gbé ìpẹ́ àkurákudà, ti Polypterus àti ti ẹpìyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ wo bí ìpele líle ṣe wà lára àwọn méjì àkọ́kọ́, tí kò sì sí lára ti ẹpìyà, tí ìpẹ́ wá tẹ́ pẹlẹbẹ tó fúyẹ́, tí ẹja sì lè yára lúwẹ̀ẹ́. Ẹ fi ojú ara yín rí i, kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ pọ̀ nílé tó ń dúró de ọwọ́ yín. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti là ọ̀nà díẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹja odò wà ní New Bussa, lẹ́bàá adágún Kainji, láti ìgbà tí wọ́n ti sé odò náà ní 1968. Olaosebikan àti Raji ti ilé ẹ̀kọ́ ẹja ní New Bussa tẹ ìwé atọ́nà lórí ẹja odò Nàìjíríà jáde ní 1998, Idodo-Umeh náà tẹ tirẹ̀ ní 2003. Ẹ wá àwọn ìwé wọ̀nyí kà, ẹ máa fi ẹja ọwọ́ yín wo àwòrán inú wọn. Àmọ́ adágún ńlá ni wọ́n sábà máa ń lọ wò. Àwọn odò kéékèèkéé wa tó gba oko kọjá, tí àwọn ọmọdé ń gbọ́n lẹ́ẹ̀rùn, ó yẹ kí ẹnì kan jókòó tì wọ́n. Adágún omi Ẹ̀rọ̀ tó wà ní Ìkùn-Èkìtì kò jìnnà sí Ìlọ́fà. Apẹja wà níbẹ̀ tó lè sọ fún yín oṣù tí ẹja kan ń yé àti irú koríko tó ń yé sí. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ má gbé ìwé yọjú sí wọn bí ọlọ́pàá, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ tẹnu wọn, kí ẹ sì kọ orúkọ tí wọ́n ń pe ẹja náà sílẹ̀, nítorí ohun tí Òsí ń pè é lè yàtọ̀ sí ohun tí Ìlọ́fà ń pè é. Àwọn ìyá tí ń ta ẹja lọ́jà náà ní ìmọ̀ tiwọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè fi ọwọ́ kan ẹja yíyan nínú òkùnkùn, kí wọ́n sọ irú èyí tó jẹ́.

Ẹ̀yin tíṣà Bàọ́lọ́jì, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀. Àpòòwé kan fún ẹja kọ̀ọ̀kan ti tó: orúkọ ẹja lédè wa àti lédè ìwé, odò tó ti wá, ọjọ́ tí wọ́n pa á, bó ṣe gùn tó, akọ ni tàbí abo, ìpẹ́ márùn-ún láti ibi kan náà lára rẹ̀. Kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tọ́jú tirẹ̀ sínú àpótí tí ikán kò lè dé. Bí àwọn odò wa bá yí padà lọ́la, bí oògùn apakòkòrò àti iyanrìn wíwà bá lé ẹja kan lọ, àpótí yẹn ló máa jẹ́rìí pé ó ti wà níbẹ̀ rí. Ẹ̀yin tí ẹ sì wà ní ọdún ìkẹyìn ní yunifásítì, tí ẹ ń wá ohun tí ẹ máa fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi àkọlé tí àwọn tó ṣáájú yín ti ṣe láṣetúnṣe sílẹ̀. Ẹ mú odò ìlú yín, ẹ mú ìpẹ́ ẹja inú rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ girama tí ẹ ti jáde.